Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí n ṣe ìdánwò aptitude ilé ẹ̀kọ́ páílọ́ọ̀tì, ọwọ́ àti orí mi ò bára wọn ṣe

Àwòdì_Kékeré

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Láti kékeré ni mo ti ń sọ pé bàálù ni mo máa wà, ilé ẹ̀kọ́ tí mo kọ̀wé sí ti wá pè mí báyìí pé kí n wá ṣe ìdánwò aptitude, èyí tí wọ́n fi ń wò bóyá èèyàn lè ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Físíìsì ò bà mí lẹ́rù, ìwé kíkà ni. Èyí tó ń já mi láyà ni ibi tí wọ́n ti ń ní kéèyàn ṣe nǹkan mẹ́ta pọ̀. Mo ti ń fi ọ̀kan dánra wò lórí kọ̀ǹpútà: ọwọ́ ọ̀tún ń fi joystick, ọ̀pá ìdarí yẹn, tọ́ àmì kékeré kan kó má kúrò nínú òrùka, ọwọ́ òsì ń tẹ bọ́tìnnì nígbàkigbà tí iná pupa bá tàn, etí tún ń gbọ́ ìṣirò tí wọ́n ń pè. Tí wọ́n bá ti pe "mẹ́tàdínlógún lọ́nà mẹ́rìnlélógún" báyìí, ọwọ́ mi á kàn dúró gbagidi, n ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó dúró, ìgbà tí mo bá fi máa rí ìdáhùn, àmì yẹn ti sá lọ sí igun skíríìnì. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí mo ti wà lórí ẹ̀. Ṣé wọn ò bí iṣẹ́ yìí mọ́ mi ni, àbí ó ní bí ẹ̀yin ṣe ṣe é?

Ọ̀tún_Kọ́kípíìtì

Àbúrò, wọn ò bí i mọ́ ẹnikẹ́ni o. Kò sí ẹni tí orí ẹ̀ ń ṣe nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ni orí ń fò láti orí eléyìí bọ́ sórí ìyẹn, kíákíá. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí fífò yẹn ṣe yá tó, àti bóyá wàá rántí padà síbi tó o ti kúrò.

Tú wọn ká ná. Joystick nìkan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lálẹ́, ọ̀sẹ̀ kan gbáko, títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n láìbéèrè lọ́wọ́ orí. Ìṣirò náà lọ́tọ̀, kó o máa pe ìdáhùn jáde lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o tó so méjèèjì pọ̀, iná pupa ló máa kẹ́yìn.

Tún wo bó o ṣe ń mú joystick yẹn. Ó dá mi lójú pé ńṣe lò ń gbá a mú gírígírí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, yẹ ọwọ́ ẹ wò, tí àtẹ́lẹwọ́ bá ti rin fún òógùn, tí apá ń ro ẹ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ìka mẹ́ta péré, bí ẹni mú ẹyin, kí apá jókòó sórí tábìlì tàbí sórí itan. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í ni ni lára, àfi bíi pé joystick gan-an làwọn àgbà ń bá wí. Tí àmì bá sá, má lé e, tì í díẹ̀, wo ohun tó ṣe, kó o tún tì í díẹ̀. Ẹni tó bá ń lé e ló máa ń gbé e kọjá òrùka sí òdì kejì.

Nǹkan kan ṣì kù. Nínú kọ́kípíìtì ètò kan wà tá a kì í dà rú: wa bàálù ná, lẹ́yìn ẹ̀ kó o mọ ibi tó ò ń lọ, ọ̀rọ̀ sísọ ló kẹ́yìn. Nítorí náà tí ìṣirò kan bá le jù, jẹ́ kó lọ, ọwọ́ ò gbọdọ̀ dúró. Àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìṣirò ló ní máàkì jù, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó o ka ìtọ́nisọ́nà wọn tán pátápátá kó o tó tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́_Ìṣirò

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ìṣirò yẹn. Ọmọ mi, bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ láti kọ ọ́ sínú ìwé kọ́ lo ṣe máa ṣe é lórí. 17 lọ́nà 24: 17 lọ́nà 20 jẹ́ 340, 17 lọ́nà 4 jẹ́ 68, ó di 408. Tó bá jẹ́ 48 lọ́nà 25 ńkọ́, ka 48 ní Yorùbá, kí lo pè é? Méjìdínláàádọ́ta. Àádọ́ta ó dín méjì. Àádọ́ta lọ́nà 25 jẹ́ 1250, yọ 25 méjì kúrò, 1200. Èdè wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yẹn fún wa látilẹ̀, inú mi máa ń dùn tí mo bá rí ọmọ tó lò ó.

Tí wọ́n bá ní kó o wá òdìkejì heading, ìyẹn ibi tí imú bàálù kọjú sí ní dígíìrì, tí kò bá tíì tó 180, fi 200 kún un kó o yọ 20: 070 di 270, ó di 250. Tó bá ti ju 180 lọ, yọ 200 kó o fi 20 kún un: 310 di 110, ó di 130. Ti eré sísá náà, sọ ọ́ di ti ìṣẹ́jú kan ná. Knot kan ni nautical mile (máìlì orí òkun àti òfuurufú) kan ní wákàtí kan, nítorí náà knot 240 jẹ́ nautical mile mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan, knot 180 jẹ́ mẹ́ta, 120 jẹ́ méjì. Tí wọ́n bá ní bàálù tó ń sá knot 240 fẹ́ rin nautical mile 60, ìṣẹ́jú 15 ni, tán.

Mo_Padà_Lọ

Àbúrò mi, èmi kọ́kọ́ fìdí rẹmi o, n ò fi pa mọ́ fún ẹ torí mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, mò ń jókòó ti kọ̀ǹpútà di aago méjì òru, ojú mi pọ́n, máàkì tí mò ń gbà ń lọ sílẹ̀ ni mo bá tún ń fi kún un. Lọ́jọ́ ìdánwò, ibi tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà hàn ẹ́ tí wọ́n á gbé e kúrò kó o kà á sẹ́yìn, mo ṣi ọ̀kan kà, mo sì mọ̀ pé mo ṣì í, mo wá ń rò ó, "méje ni àbí mẹ́sàn-án", wọ́n ti gbé mẹ́ta mìíràn kọjá lójú mi. Ẹyọ kan ni mo ṣì, èyí tí mo pàdánù torí ẹ̀ pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Nígbà tí mo padà lọ, tí mo bá ti ṣe àṣìṣe, mo máa ń mí síta lẹ́ẹ̀kan, fùú, iwájú ló kù. Èmi tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi kọ́ra nílé ni, kí ẹnì kan máa bá mi sọ̀rọ̀ kí n lè ṣàṣìṣe, kí n kọ́ bí mo ṣe máa padà.

Sùn dáadáa. Kó o sì béèrè lọ́wọ́ wọn irú ìdánwò tí wọ́n ń lò, COMPASS yàtọ̀ sí PILAPT, èyí tí DLR, àjọ ìwádìí òfuurufú Jámánì, ń ṣe ní Hamburg tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Ibòmíràn wọ́n máa fún ẹ ní èsì ní stanine, láti 1 dé 9, àárín ẹ̀ ni 5, àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ sí lò ó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Tó o bá rí 6 má rò pé mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni o, ó ti ju àárín lọ nìyẹn.

Ìbéèrè nípa ìwà tún máa wà, gígùn ni, má parọ́ níbẹ̀, ohun tí wọ́n bi ẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n á tún wọ aṣọ mìíràn fún tí wọ́n á tún bi ẹ́.

Ojú_Mẹ́rin

Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kó o lọ rí dókítà òfuurufú kó o tó náwó sórí nǹkan mìíràn, ìwé ìlera Class 1, ti páílọ́ọ̀tì tó ń fi bàálù ṣiṣẹ́ ṣe, ni wàá gbà. Awò ojú ò ní kó o má wa bàálù, lábẹ́ òfin ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàálù, tí awò bá ti lè gbé ojú kọ̀ọ̀kan dé 6/9, tí méjèèjì pa pọ̀ dé 6/6, ìyẹn ojú tó ríran dáadáa, kò síṣòro, awò kejì á wà nílẹ̀ ni. Àmọ́ wọ́n á yẹ ojú ẹ wò bóyá ó dá àwọ̀ mọ̀, pẹ̀lú àwọn ìwé Ishihara alámì tótòtó yẹn.

Àwòdì_Kékeré

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ ṣé ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé olùkọ́ wa. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo ti ń fi ìka mẹ́ta mú un, lánàá mo dáhùn ìṣirò mẹ́fà tẹ̀léra láìkúrò nínú òrùka, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan ló kù: àwòrán róbótó tó ń fi hàn bí bàálù ṣe fì, tó ní búlúù lókè àti búráùn nísàlẹ̀ yẹn, tí wọ́n bá ní kí n mọ apá tí bàálù fì sí, òdìkejì ni mo máa ń mú ṣáá.

Ọ̀tún_Kọ́kípíìtì

Àbúrò, ó kú iṣẹ́! Búlúù ni ojú ọ̀run, búráùn ni ilẹ̀. Ìlà tó wà láàárín wọn kì í fì, ìwọ tó o wà nínú bàálù lò ń fì. Dìde báyìí, lọ dúró síwájú fèrèsé, tẹ orí ẹ sápá òsì, kó o wo etí ìsàlẹ̀ fèrèsé yẹn, ó máa dà bíi pé apá òsì ẹ̀ ló gòkè. Apá tí ìlà bá ti ga, apá yẹn ni ìyẹ́ bàálù ti lọ sílẹ̀. Ṣe é bíi ogún ìgbà, òsì, ọ̀tún, kó o tó padà sídìí kọ̀ǹpútà.