Ṣé omidùn lè lé HPV lọ?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní HPV 16, oríṣi fáírọ́ọ̀sì kan tó lè fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa fi omidùn fọ ojú ara, pé kòkòrò inú ògì ń pa jẹjẹrẹ ní láàbù. Ṣé òótọ́ ni?

Bọ̀dá Láàbù: Ẹ má dán an wò o, mà. HPV fúnra rẹ̀ kọ́ ni jẹjẹrẹ. Ara ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń lé e dànù láàárín ọdún 2. Èyí tó bá jókòó pẹ́ là ń ṣọ́, pàápàá oríṣi 16 àti 18.

Iṣẹ́ mi ni mò ń sọ yìí. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ tí wọ́n ń pè ní HeLa là ń tọ́ ní láàbù. Ara obìnrin kan, Henrietta Lacks, ni wọ́n ti mú un ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ní 1951, HPV 18 sì wà nínú rẹ̀ títí dòní. Omi oúnjẹ rẹ̀ pọ́n bíi sóbò tí wọ́n bomi là. Bí mo bá gbàgbé rẹ̀ láti Jímọ̀ di Mọ́ńdè, á ti di yẹ́lò: ó ti kan nìyẹn.

Kí n tó da Lactobacillus, kòkòrò inú ògì yẹn, sí i, àfi kí n yọ pẹnisílìn inú omi náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kòkòrò náà á kú. Tí mo bá yọ ọ́, á jẹ oúnjẹ tán mọ́jú, omi á kan, sẹ́ẹ̀lì á kú. Ẹnìkan á wá pariwo pé ó pa jẹjẹrẹ! Ọsàn wẹ́wẹ́ náà á pa á, á sì pa sẹ́ẹ̀lì gidi mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tá a fi ń da ásíìdì lásán sí abọ́ kejì, ká lè fi wéra.

Lactobacillus crispatus tó ń gbé ojú ara ń dáàbò bò ó lóòótọ́, àwọn tí tiwọn dín kù la sì sábà ń bá HPV lára wọn. Ti inú ògì yàtọ̀. Ọṣẹ tẹ́ ẹ fi ń fọ inú gan-an ń lé crispatus yẹn lọ. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n fi awò wo ibẹ̀ dáadáa.

Ìyá Ìbejì: Háà, ọṣẹ kẹ̀! Àwọn ìbejì mi ńkọ́? Obìnrin ni wọ́n, ọdún 10.

Bọ̀dá Láàbù: Wọ́n bọ́ sí i. Láti Oṣù Kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà ti ń fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ HPV lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Àlàkẹ́ Ẹlẹ́kọ: Apá ọmọ tèmi wú díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, ọjọ́ kejì ó ti ń ta tẹ́ń-tẹ́ń. Ìyá Ìbejì, ẹ fi omidùn yẹn rẹ agbo jẹ̀dí.