Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí gìtá àti pickup tó ṣeé yọ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo bi yín bí mo ṣe lè gbé ohùn gìtá mi sórí sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì láìlu ihò sí i lára. Pickup onímágínẹ́ẹ̀tì (ẹ̀rọ kékeré tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì gbé ohùn okùn irin wọ wáyà) tí wọ́n ń há sẹ́nu ihò gìtá ni mo rà, ó sì ṣiṣẹ́, torí okùn irin ni tèmi. Ẹni tó bá ń lo okùn ọ̀rá, kó má wulẹ̀ náwó sí i. Kò ní dún.

DI box tẹ́ ẹ dárúkọ, àpótí kékeré tó ń wà láàárín gìtá àti míksà kí ohùn má bàa dínkù nínú wáyà gígùn, ló yanjú ọ̀rọ̀ jù. Tí wáyà gígùn bá ti gìtá wọ míksà tààrà, ohùn tín-ín-rín máa ń kú sọ́nà. Ní báyìí, wáyà kúkúrú dé DI, ohùn mọ́ kedere.

Okùn B (ìkejì láti ìsàlẹ̀) ṣì ń pariwo ju àwọn tó nípọn lọ: irin lásán ni, idẹ ni wọ́n fi wé àwọn yẹn. Mo yí síkúrú kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ lára pickup wálẹ̀, ó rọlẹ̀ díẹ̀.

Híhan ló kù, ìyẹn igbe tí sípíkà máa ń ké tí ohùn rẹ̀ bá padà wọ inú gìtá. Mo dín béèsì kù, mo kúrò níwájú sípíkà, ó dákẹ́, àfi tí onílù bá gbóná tí mo ní kí wọ́n sún ohùn gìtá sókè. Ẹ ṣeun gan-an.