Ṣé iṣẹ́ ọ́fíìsì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ru?

Ìyá Ìbejì, Mowe:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ọmọ ọdún 38 ni mí, báńkì kan ní Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìdájí ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Berger má bàa ká mi mọ́. Aago méje àárọ̀ ni mo ń wọ ọ́fíìsì, mi ò sì í kúrò níbẹ̀ kó tó di méje alẹ́. Tágẹ́ẹ̀tì owó tí mo gbọ́dọ̀ kó wọlé lóṣooṣù ni wọ́n fi ń díwọ̀n mi. Bí kò bá pé, wọ́n á ní kí n dìde dúró nípàdé àárọ̀ Monday, kí n ṣàlàyé lójú gbogbo èèyàn.

Ọrùn mi kì í yí dáadáa mọ́. Tó bá ti di alẹ́ Sunday, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, inú á máa run mí, oorun ò ní wá. Tí WhatsApp ọ̀gá mi bá dún, àyà mi á máa lù kìkìkì. Nígbà tí wọ́n wọn bípì mi, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, 152/96 ni, ó ti ga jù. Ìyá ọkọ mi ní ayé ló ń ṣe mí, ká lọ gbàdúrà. Mi ò kọ àdúrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gba lífù lọ sílé wa ní Ìjẹ̀bú, orí ò fọ́ mi rárá. Mi ò ru símẹ́ǹtì, mi ò roko, orí àga ni mo wà látàárọ̀. Ṣé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣe ara báyìí?

Nọ́ọ̀sì Lewisham:
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó lè ṣe é dáadáa. Bí ẹ̀rù bá bà wá, ara á tú adrenaline àti cortisol, èròjà tó ń múra wa sílẹ̀ láti jà tàbí láti sá, sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa sáré, òpó ẹ̀jẹ̀ á fún, ṣúgà á gòkè, iṣan ọrùn àti èjìká á le. Ẹni tí ejò yọ sí lọ́nà oko nílò rẹ̀: á sá, á bọ́, ara á sì rọlẹ̀. Tágẹ́ẹ̀tì kì í wọgbó lọ bí ejò. Ó ń bá yín sùn, ó ń bá yín jí, ara ò wá ráyè rọlẹ̀.

Ní London níbí, láti 1967, àwọn olùwádìí tọ́pasẹ̀ ìlera òṣìṣẹ́ ìjọba ọkùnrin tó lé ní 17,000 ní Whitehall, àdúgbò tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà. Ọ̀pọ̀ rò pé àwọn ọ̀gá àgbà ni àrùn ọkàn máa pa jù. Àwọn ìránṣẹ́ àti aṣọ́nà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló pa jù, ó tó ìlọ́po mẹ́ta tàwọn ọ̀gá. Wọ́n ṣírò sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn, ìyàtọ̀ náà ò tán. Ìwádìí míì tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 1985, tó kan obìnrin pẹ̀lú, fi hàn pé ẹni tí kò lẹ́nu nínú bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ rẹ̀ ni àrùn ọkàn ń bá jù. Ìpàdé Monday yín yẹn, mo bínú nígbà tí mo kà á.

Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé sọ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi ìdá 35 nínú 100 ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. Tiyín ti di 60, a ò tíì ka bọ́ọ̀sì.

Ẹ tètè rí dókítà. Ẹ ra ẹ̀rọ bípì, ẹ máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ìjókòó, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ má fi ibuprofen, oògùn ìrora yẹn, wo orí fífọ́, ó ń gbé bípì sókè. Bí àyà bá ń dùn yín tó ń wọ apá, tàbí tí ẹnu bá wọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ Ìgbórà:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ìjókòó náà mọ́ ọn, àti indomie oníyọ̀ tí wọ́n ń jẹ lọ́sàn-án nítorí kò sáyè.

Bàbá Ṣadé, Ìbàdàn:
Ìyàwó wa, mo ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kẹ́ ẹ fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé yín kúrò nídìí wíwá owó lọ sí ẹ̀ka tó sún mọ́ ilé. Lẹ́tà ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má fẹnu sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Èmi gba ibẹ̀ ni, owó oṣù mi dín, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Mowe:
Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á dúró tì yín. Mo ti rí dókítà, a ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Mo ti kọ lẹ́tà náà, mo ń retí èsì. Mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá. Nọ́ọ̀sì wa, apá wo ni kí n máa lò?

Nọ́ọ̀sì Lewisham:
Ẹ kọ́kọ́ wọn méjèèjì. Èyí tó bá ga jù, òun ni kẹ́ ẹ máa lò láti ìsinsìnyí lọ.