Ẹ gbà mí o: ta lẹ mọ̀ tó lè máa ka ìtàn fún ọmọ l'Ábújá?

ÌyáTèmi: Ẹ kú alẹ́ o. Tíṣà ọmọ mi pè mí lónìí. Ó ní ọmọ náà ń kàwé bí ẹní ń mumi, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi í pé "kí ló dé?", á kàn máa wojú wọn ni. Mo ń wá ẹni tó máa ka ìtàn fún un kí ó lè máa ronú. Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ o! Ẹ jọ̀ọ́.

Lúgbè1: Ọmọ ọdún mélòó? Àdúgbò wo?

Ìyá Ìbejì Kúbwá: Ẹ má gba tíṣà tó ń wá sílé o! Èyí tí mo gbà ka ìtàn àsèjẹ. Ọmọ mi bèèrè pé kí ló dé tí babaláwo ò gbé e fún Yánníbo fúnra rẹ̀, tó fi rán Ìjàpá ọ̀kánjúwà. Tíṣà nà án! Ó ní ó ń gbó òun lẹ́nu. Mo sì ti sanwó sílẹ̀.

Àrẹ̀mú Máràbá: Ṣé èyí tó ga, tó ń gun ọ̀kadà pupa ní Nyanya yẹn ni?

Ìyá Ìbejì Kúbwá: Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre.

Tíṣà Kàdúná: Ìbéèrè ọmọ yẹn gan-an la ń wá. Ìyá Tèmi, ẹ ka ìtàn náà fún ọmọ yín fúnra yín. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí Ìjàpá ti ṣí àsèjẹ wò lójú ọ̀nà, ẹ pàwé dé: "Kí lo rò pé ó máa ṣe?" Tó bá dáhùn, "Kí lo rí tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ibẹ̀ ló le fún àwa òbí: ọmọ ò tíì lanu, a ti bá a dáhùn.

Àrẹ̀mú Máràbá: Ta ló ń dá àlọ́ dúró láàárín? Nígbà tiwa, a máa gberin tán ni.

Tíṣà Kàdúná: Àlọ́ àpamọ̀ ńkọ́, tó máa ń ṣáájú? "Òrúkú tindí tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Ọmọ tó já a sí ẹ̀wà ti ronú kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

Àrẹ̀mú Máràbá: Ọmọ Àbújá wo ló mọ tìróò? Kwalli tí Hausa ń pè é ni wọ́n mọ̀.

Ọmọ Sábó Kánò: Ọmọ tèmi ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ mọ Ìjàpá, Gizo, aláǹtakùn inú àlọ́ Hausa, àti Ƙoƙi ìyàwó ẹ̀ ló mọ̀ jù. Ẹ ṣáà ní "Ga ta nan, ga ta nan ku", bí Hausa ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àlọ́, á ti jókòó. Mo máa ń ní kó sọ ta ló gbọ́n jù nínú Gizo àti Ìjàpá, ìjà dé nìyẹn.

Ìwé Pọ̀: Mo ní ìwé ABD aláwòrán mèremère. Mo ń gbé e wá sí Wuse àti Garki.

Lúgbè1: Ta ló bèèrè ABD?

ÌyáTèmi: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti rí àgùnbánirọ̀ kan nísàlẹ̀ ilé wa. Ìṣirò ló kà, kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó níwà pẹ̀lẹ́, owó ẹ̀ ò sì wọ́n.

Tíṣà Kàdúná: Kò burú. Ẹ jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o.

Ìyá Ìbejì Kúbwá: Ẹ má sanwó sílẹ̀!