Òjò àkọ́rọ̀ àti ohun tí ó ń gbé wọ inú adágún: ìrírí mi nídìí àyẹ̀wò omi

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti sọ ìrírí yín nípa àyẹ̀wò omi ṣáájú mi. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa bu omi nínú adágún tí wọ́n fi dáàmù sé, kí a lè mọ bí oògùn apakoríko, oògùn apakòkòrò àti àwọn èròjà inú epo ṣe ń pọ̀ tàbí dín kù nínú rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé ìgbà òjò. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé òjò àti ooru ni ó yẹ kí ó máa yan ọjọ́ tí a óò bu omi, kí kàlẹ́ńdà máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi adágún a máa fà, ènìyàn a sì rò pé gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni yóò máa pọ̀ sí i nínú ìwọ̀nba omi tí ó kù. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí lójú wa. Oòrùn máa ń fọ́ àwọn èròjà kan túútúú nítòsí ojú omi, pàápàá àwọn tí ó ti inú èéfín àti epo wá, bí anthracene. Atrazine tí wọ́n fi ń pa koríko kì í tètè bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè wà nínú omi fún oṣù púpọ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ni ó ń yí ọ̀rọ̀ padà. Àgbàrá tí ó kọ́kọ́ ṣàn kọjá nínú oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín, àti lójú títì tí epo ọkọ̀ ti ń kán sí látìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, ni ó ń kó ẹrù tí ó wúwo jù lọ wọ inú odò. Òjò ńláńlá tí ó ń rọ̀ lẹ́yìn náà lè mú omi wá ju ti àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ kí atrazine inú rẹ̀ má tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ti fọ̀ tán. Ẹni tí ó ń bu omi lẹ́ẹ̀kan lóṣù lè má bá àgbàrá òjò àkọ́rọ̀ yẹn pàdé rárá ní ẹnu odò. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbi tí òfin Àjọṣepọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù ti fi ààlà oògùn apakoríko tàbí apakòkòrò kọ̀ọ̀kan nínú omi mímu sí máíkírógíráàmù (ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù) 0.1 nínú lítà kan, tí àpapọ̀ gbogbo wọn kò sì gbọdọ̀ ju 0.5 lọ.

Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ ni a fi ń bu omi, a kì í lo ike, inú yìnyín ni a sì ń kó wọn sí. A máa ń mú ìgò omi mímọ́ kan dání, a ó ṣí i létí adágún, a ó sì dé e padà bíi ti àwọn yòókù. Lójú tèmi, ìgò yìí ni ẹlẹ́rìí wa. Nígbà kan, phthalate, èròjà tí ń mú kí ike rọ̀, hàn nínú gbogbo ìgò, ó sì hàn nínú ti omi mímọ́ náà. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ̀ pé kì í ṣe inú adágún ni ó ti wá.

Ìjìnlẹ̀ omi pẹ̀lú ní tirẹ̀. Nígbà ooru, omi gbígbóná a máa dúró lórí omi tútù, wọn kì í sì í pò pọ̀, nítorí náà a ń bu tojú, tàárín àti tìsàlẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, tí omi náà sì pò, ohun tí ó wà nísàlẹ̀ lè gòkè wá.

Ní báyìí, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ṣú, a máa ń pe àwọn tí ń tọ́jú omi mímu ṣáájú kí àgbàrá tó dé ibi tí wọ́n ti ń fa omi, kí wọ́n lè fi èédú lílọ̀ tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí i, nítorí pé èédú náà a máa fa atrazine mọ́ra, nígbà tí iyanrìn tí wọ́n fi ń sẹ́ omi kò lè dá a dúró.