Lẹ́tà Bọ́mà tó wà nínú àpótí bàbá bàbá mi

Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì, tèmi kò ju ti àpótí páànù kan lọ, èyí tí bàbá bàbá mi kó lẹ́tà mọ́kànlá pamọ́ sí. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ wọṣẹ́ sójà ní Iléṣà, tí wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà ní 1943 pẹ̀lú Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan, kí wọ́n tó ti ibẹ̀ wọ Bọ́mà, tí a ń pè ní Myanmar lónìí, lọ bá àwọn ará Japan jà. Bàbá bàbá mi yìí, tí mo ń pè ní bàbá wa, ti kàwé díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọ̀wé rárá, nítorí náà bàbá wa ni ó ń kọ̀wé fún àwọn méjèèjì.

Ẹni tí ó bá ń wá ìròyìn ìjà nínú àwọn lẹ́tà náà yóò wá a tì. Ìkíni ló gba ìlàjì: wọ́n kí ìyá wọn, wọ́n kí àwọn àbúrò, wọ́n béèrè bóyá kòkó so dáadáa àti bóyá owó tí wọ́n ní kí a máa yọ nínú owó oṣù àwọn ránṣẹ́ sílé ń dé. Àwọn ọ̀gá òyìnbó máa ń ka lẹ́tà kí ó tó kúrò lójú ogun, wọn kì í sì í jẹ́ kí orúkọ ibi tí sójà wà kọjá. Láti àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, níbi tí ọkọ̀ òfurufú ti ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn láàárín igbó, ohun tí bàbá wa kọ kò ju "a ń jẹun, ẹ má fòyà" lọ. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé Myohaung, ìlú tí àwọn sójà wa gbà lọ́wọ́ àwọn ará Japan ní oṣù kìíní 1945, tí wọn kò gbọdọ̀ dárúkọ fún ìyá wọn, ti di orúkọ bárékè ní Èkó.

Lẹ́tà keje ló fa ọ̀rọ̀. Tíṣà tí ó máa ń kà á fún ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u ni màmá, tí kò mọ a mọ b, fi ìka lé e, ó ní: "Ọwọ́ ọmọ mi kọ́ nìyí. Níbo ló wà?" Tíṣà kà á dé òpin, ìkíni pé, orúkọ àwọn méjèèjì sì wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n màmá kò gbà. Nígbà tí ọwọ́ tí ó mọ̀ padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó ní kí tíṣà má tíì kà á, kí òun kọ́kọ́ wò ó tẹ́rùn.

Nígbà tí wọ́n dé ní 1946 ni wọ́n tó ṣàlàyé pé ibà ló dá bàbá wa dúró sí ọsibítù ní Íńdíà, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì bẹ sójà mìíràn pé kí ó fi orúkọ àwọn méjèèjì kọ ọ́, kí ọkàn ìyá wọn lè balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí kò gbà láéláé pé ẹni tí kò mọ̀wé lè dá ọwọ́ ìkọ̀wé mọ̀. Títí ó fi kú, ó ń bínú sí tíṣà pé òun ló tú àṣírí àwọn.