Kí ni ká pe ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà géèmù, tí orúkọ náà ò fi ní ṣi ẹni tó ń rà á lọ́nà?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ọ̀rọ̀, mo kí yín o.

Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa gbé kalẹ̀ fún àwọn tí owó wọn mọ níwọ̀n, tí wọ́n fẹ́ ra ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì to kọ̀ǹpútà géèmù fúnra wọn. Ó pe CPU, ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò, ní "ọpọlọ"; RAM, ibi tí ohun tí à ń lò lọ́wọ́ ń gbé fúngbà díẹ̀, ní "ìrántí"; SSD, ibi tí à ń tọ́jú géèmù àti fáìlì pamọ́ sí, ní "ìrántí ńlá"; motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́, ní "ìyá pátákó"; bottleneck, ẹ̀yà tó ń fa àwọn yòókù sẹ́yìn, ní "ọrùn ìgò". Ó wá pe gbogbo ẹ̀rọ náà lápapọ̀ ní "kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú". Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n máa ná ẹni tó bá gbà wọ́n gbọ́ lówó, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Ẹ jẹ́ ká mú "ìrántí" ná. Ẹni tó ní ìrántí kì í gbàgbé ohun tó ti kọjá. RAM kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, gbogbo ohun tó wà nínú RAM ti lọ nìyẹn, kò ní ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Bí ẹ bá ń kọ lẹ́tà, tí iná sì lọ kí ẹ tó fi pamọ́, inú RAM ni lẹ́tà yẹn kú sí. Ẹ̀yà tó ń gbàgbé jù lọ nínú ẹ̀rọ la wá ń pè ní ìrántí! SSD tó ń rántí lóòótọ́ wá di "ìrántí ńlá", bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ìwọ̀n nìkan ló yàtọ̀.

Mo ti rí ohun tí ìdàrúdàpọ̀ yìí ń fà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé bí géèmù bá ti gbóná báyìí, ẹ̀rọ òun á máa fà tìkọ̀. Ó ní ìrántí òun tó 1,000 GB (GB ni wọ́n fi ń wọn àyè inú RAM àti SSD), kí ló tún kù? SSD rẹ̀ ló ń sọ. Mo ní kó ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀ kí n wò ó. RAM 8 GB kan ṣoṣo ló dá wà nínú ihò mẹ́rin. A wá irú rẹ̀ kejì, a fi ọ̀kan sí ihò kejì, a fi ìkejì sí ihò kẹrin kí ọ̀nà méjèèjì tí CPU ń gbà dé ọ̀dọ̀ RAM lè ṣí, a tẹ̀ ẹ́ títí ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi dún "kẹ́". Fífà tìkọ̀ yẹn dáwọ́ dúró. Owó 1,000 GB tó kọ́kọ́ ná kò ṣe é láǹfààní kankan lórí ohun tó ń dùn ún, orúkọ tí kò tọ́ ló sì fà á.

Kí la lè pè é nígbà náà? Kì í ṣe dandan ni ká fi ẹ̀rọ wé orí èèyàn. John von Neumann, onímọ̀ ìṣirò, ló lo "memory" (ìrántí) nínú ohun tó kọ lórí EDVAC, ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, ní 1945, tó sì ń fi ẹ̀yà ẹ̀rọ wé iṣan ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú rẹ̀ tí Charles Babbage, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń la ètò ẹ̀rọ ìṣirò ńlá rẹ̀ kalẹ̀. "Store" ló pe ibi tí nọ́ńbà ń gbé, ó sì pe ibi tí iṣẹ́ ti ń wáyé ní "mill". Àká àti ọlọ! Nígbà tí mo ka èyí, ṣe ni mo rẹ́rìn-ín ayọ̀, torí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wà nílẹ̀ fún wa látayébáyé.

Àbá mi nìyí: kí SSD jẹ́ "àká", kí RAM jẹ́ "igbá", kí CPU jẹ́ "ọlọ". Ohun tí a fẹ́ lọ̀ ń bẹ ní àká. A ó bù ú sínú igbá kó lè wà nítòsí. Ọlọ á sì lọ̀ ọ́. Bí igbá bá kéré, ẹ ó máa dìde lọ sí àká ní gbogbo ìgbà, iṣẹ́ á sì máa dúró dè yín. Kò sí bí àká ṣe lè tóbi tó tó máa gba ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ ìrìn yẹn. Ohun tó ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyẹn.

Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní core, ìyẹn ẹ̀yà inú CPU tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an, "ọmọ ọlọ" ni. Core i3-12100F ti ilé iṣẹ́ Intel jẹ́ ọlọ ọlọ́mọ mẹ́rin, Ryzen 5 5600 ti AMD jẹ́ ọlọ ọlọ́mọ mẹ́fà. Ti thread, ìyẹn iṣẹ́ tó ń tò wọ inú core kan, náà kò le: "ọwọ́" ni. Ọmọ ọlọ mẹ́fà, ọwọ́ méjìlá, torí ọwọ́ méjì ló ń gba ọmọ ọlọ kan lọ́wọ́ ara wọn kó má bàa jókòó lásán.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní "ọpọlọ" ti wà lẹ́nu aráyé. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n létí Yorùbá, ọpọlọ ni olórí gbogbo ara. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ lé e. Nínú kọ̀ǹpútà géèmù, ibi tí iṣẹ́ ti wúwo jù kọ́ nìyẹn. Ojú ẹ̀rọ tó jẹ́ 1920 lọ́nà 1080 ní àmì àwọ̀ kéékèèké 2,073,600. Tí géèmù bá ń yí àwòrán rẹ̀ padà nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó lé ní mílíọ̀nù 124 àmì tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ kùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá yẹn. GPU, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán, tó sábà máa ń wà lórí káàdì tirẹ̀, ló ń kùn ún. Káàdì Radeon RX 6600 tó jáde ní 2021 ní òṣìṣẹ́ kéékèèké 1,792 nínú, tí gbogbo wọn ń kùn lẹ́ẹ̀kan náà. "Ayàwòrán" ni mo fẹ́ ká máa pè é. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé a ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ lórúkọ: ọlọ́jà ló sọ "GPU" di ọ̀rọ̀ ẹnu, nígbà tí ilé iṣẹ́ Nvidia fi polówó GeForce 256 tí wọ́n ṣe ní 1999.

Ayàwòrán ní igbá tirẹ̀. 8 GB ni ti RX 6600. Igbá ọlọ kò lè dípò igbá ayàwòrán, orúkọ méjèèjì sì ti sọ ọ́ kẹ́nikẹ́ni tó ṣàlàyé. Tí owó bá mọ níwọ̀n, ayàwòrán ni mo máa ń kọ́kọ́ yàn, kí n tó wá ọlọ tó lè bá a rìn.

"Ìyá pátákó" tẹ́ mi lọ́rùn. Ìyáàlù ló ń darí, àwọn ìlù yòókù ń tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni ti pátákó yìí: ìyá pátákó oní-AM4 (irú ihò kan tí ọlọ AMD ń wọ̀) kò gba irú RAM mìíràn ju DDR4 lọ, ti AM5 tó tẹ̀ lé e kò gbà ju DDR5.

"Ọrùn ìgò" ni kí ẹ bá mi sọ nù. Ta ló gbọ́ "ọrùn ìgò" tó ronú kan ìdádúró? "Adènà" ló bá a mu, torí ìbéèrè tí à ń bi ẹ̀rọ tó ń falẹ̀ ni pé ta ló dí ọ̀nà. Ẹ dín iye àmì àwọ̀ inú àwòrán géèmù kù. Bí iye àwòrán tó ń jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan bá ga sókè, ayàwòrán ni adènà. Bí kò bá yí padà, ẹ wo ọlọ.

"Olówó pọ́ọ́kú" náà ń dà mí láàmú, torí ẹni tó gbọ́ ọ yóò wá èyí tó rẹlẹ̀ jù níbi gbogbo, títí kan ẹ̀yà tó ń pín iná, èyí tí mo fẹ́ pè ní "apínná". Àwọn kan tiẹ̀ rò pé àmì 80 Plus lára rẹ̀ túmọ̀ sí pé ògidì ni. Ohun tó ń sọ kò ju pé, nínú iná tó ń fà, ó kéré tán ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dé ara ẹ̀rọ. Kò sọ bí wọ́n ṣe ṣe inú rẹ̀. "Kọ̀ǹpútà aṣọ́wóná" ni mo fara mọ́: ẹni tó ń ṣọ́ owó ná mọ ibi tí kò yẹ kó ti ṣahun.

Ó ku ọ̀kan tí mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín lórí rẹ̀. Àwọn ọlọ kan wà tí ayàwòrán kékeré ti wà nínú wọn látilẹ̀: Ryzen 5 5600G ní in, Ryzen 5 5600 kò ní in, bẹ́ẹ̀ ni ti Intel tí F bá parí orúkọ wọn kò ní in. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí lè ra 5600 láìra káàdì, kó tan ẹ̀rọ, kí ojú rẹ̀ sì dúdú kirimú. "Ayàwòrán àbínibí" ló wá sí mi lọ́kàn, kí ti káàdì wá jẹ́ "ayàwòrán àfikún". Ẹ̀rù ń bà mí pé "àfikún" lè jẹ́ kí wọ́n rò pé kò pọn dandan. Ta ló ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ?